Ẹ̀rọ Léètì Ilé Akunlé

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn fẹ́ jókòó tì í. Ọsibítù ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń wo aláìsàn sàn. Ẹ̀yìn pátápátá ni tirẹ̀ wà, lẹ́yìn ilé ìdáná àti ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, nínú yàrá tútù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bí ògiri. Òun ló ń gba òkú wọlé, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń di àgbọ̀n wọn kí ẹnu wọn má baà là sílẹ̀ kí ẹbí tó dé. Bàbá Yìnyín ni gbogbo ọsibítù ń pè é, àti dókítà àti agbálẹ̀. Àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà káàkiri a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo àwọn, òun nìkan ni aláìsàn rẹ̀ kì í ṣàròyé oúnjẹ. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí gbẹ̀yìn, ẹni tó bá sì bọ́ sí i a máa kọjú sí wíńdò.

Ohun kan tó ń mú un gbàgbé yàrá yẹn ni rélùwéè. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Rélùwéè kékeré ni, tí kò gùn ju apá èèyàn lọ, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe láti inú agolo, pákó àti wáyà. Ojú irin ni bàbá tó bí i ti ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì máa ń gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká lọ wo àwọn ẹ̀rọ ńlá náà nígbà tí wọ́n bá ń mu omi, tí wọ́n ń mí bíi màlúù. Ọmọ náà dàgbà, irun rẹ̀ funfun, kò gbàgbé. Lẹ́yìn ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ó fi páànù gbé yàrá kótópó kan dúró, tábìlì kan àti àga kan ló gbà, ibẹ̀ ló sì máa ń wà lọ́jọ́ ìsinmi.

Ẹsẹ̀ rélùwéè ló ń dà á láàmú. Bó ti wù kó fi fáìlì fá irin tó, kì í yí roboto. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ṣe ló ń tiro bí arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ẹ̀rọ léètì ló nílò, ẹ̀rọ tí í fi ẹnu di irin mú, tí í máa yí i, tí ọ̀bẹ rẹ̀ yóò máa fá irin náà títí yóò fi rí bí oníṣẹ́ ṣe fẹ́. Àwọn ńláńlá wà ní ilé iṣẹ́, àwọn yẹn tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ. Kékeré wà pẹ̀lú, tó lè jókòó sórí tábìlì, ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá àlòkù, títí ó fi rí pépà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù oníṣòó: ẹ̀rọ léètì kékeré, àlòkù, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ àdírẹ́sì sí i.

Ó lọ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni ilé náà wà. Obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ onílé aṣọ ló kún inú yàrá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lóríṣiríṣi, wọ́n so wọ́n rọ̀ sórí okùn láti ògiri dé ògiri, òórùn sítáàṣì sì gba gbogbo ibẹ̀. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Ó tẹrí ba kọjá lábẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì, bàbá náà tẹ̀lé e, wọ́n wọ yàrá kékeré kan lẹ́yìn.

Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. "Òun rèé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o. Ẹ máa fúnra yín yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá Yìnyín tẹ̀ ba lé e bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tuntun. Ó fọwọ́ yí ẹnu rẹ̀, ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò mì. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn irin tí ọ̀bẹ ń rìn lé lórí, òróró díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín tọ́jú rẹ̀. Kò sí ìpẹtà kankan, àfi àmì ọ̀dà oríṣiríṣi lára ibi tí wọ́n ti ń tàn án, pupa, aró, funfun, bí ẹni pé àwọn ẹyẹ ló yàgbẹ́ sí i.

"Ṣé ẹ lè bá mi tàn án?"

Obìnrin náà ti wáyà bọ ògiri. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn rẹ̀ tín-ínrín bíi ti ẹ̀fọn ńlá. Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ra. "Ariwo yẹn," ó ní. "Ohun tá à ń jà lé lórí nìyẹn."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Ọkọ mi. Òun ló ni ín. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń ṣe. Ó ti kú." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ògiri.

Bàbá Yìnyín gbójú sókè, ó sì rí fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Àpá kan gba àárín irun ojú òsì rẹ̀ kọjá. Bàbá náà sún mọ́ ọn. Ó mọ ojú yẹn. Ó ti wẹ̀ ẹ́ rí.

Òkú tó ti wẹ̀ pọ̀ jù fún un láti máa rántí, ṣùgbọ́n ti èyí yàtọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ránṣẹ́ pè é láti yàrá pàjáwìrì pé kó wá gbé òkú kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lọ, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ti da aṣọ bò ó dé orí. Ó ká aṣọ náà láti wo ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, ojú náà sì ń wò ó padà. Ọkùnrin náà ń mí. Ọ̀dà ló bo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Yìnyín kígbe pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wò ó fìrí, ó ní dókítà ń bọ̀. Ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà dókítà, wọ́n ní dókítà wà nínú iṣẹ́ abẹ. Ó padà wá dúró tì í. Ọkùnrin náà ò sunkún, kò sì bèèrè omi. Ohun tó sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó mi pé mo máa pẹ́ díẹ̀."

"Níbo ni ìyàwó yín wà? Kí lorúkọ yín?" Bàbá náà bi í títí, kò dáhùn mọ́. Àwọn tó gbé e wá ti já a sílẹ̀ sá lọ, kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó kú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Bàbá Yìnyín wẹ̀ ẹ́, ó fi epo bọ́ ọ̀dà kúrò ní ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gba ìsinmi ọdún, ẹlòmíràn ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹbí wá gbé e, kò sì kọ àdírẹ́sì wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn rán an ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò jẹ́ ẹ sí.

Àfi ìgbà tó wá ra ẹ̀rọ.

"Akunlé ni," obìnrin náà ń sọ lọ. "Orí pákó tí wọ́n so mọ́ ara ilé ló ti jábọ́. Iṣẹ́ kí lẹ̀yin ń ṣe, bàbá?"

"Ọsibítù ni mo wà."

"Ti ìjọba?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n gbé débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó lọ gbà á sọ pé kó tó balẹ̀ ló ti lọ, kò tiẹ̀ mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn." Ó pa iná ẹ̀rọ náà. "Ìjà la jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní ẹ̀rọ yìí ló fẹ́, kì í ṣe èmi. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé báàgì ẹ̀ jáde, kò ní ó dàbọ̀. Ẹni tó bínú kúrò nílé, tí kò sì padà wá. Ìgbà míì ni mo máa ń bá fọ́tò yẹn jà."

Bàbá Yìnyín ká wáyà ẹ̀rọ náà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, yóò ní láti sọ ibi tí wọ́n ti rán an. Ẹnu àgbà wúwo. Ó sanwó láìdúnàádúrà, ó fi aṣọ dì í, ó sì pe takisí.

Ẹ̀rọ náà dé ilé, ó jókòó sórí tábìlì nínú yàrá páànù, bàbá náà kò sì tàn án. Ọjọ́ ìsinmi kan kọjá, òmíràn kọjá. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹnu mú un bí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó wo ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Bàbá wọn, ẹ ti fi ọdún gbáko kígbe ẹ̀rọ sí mi létí. Ẹ rà á tán, ẹ wá ń wò ó bí ẹni pé òun náà ti kú."

Ó jókòó, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, látorí aṣọ tó ká dé orí fọ́tò. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin.

"Ẹni tó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́, kí lẹ fẹ́ jí i fún?"

"Kò sùn. Ó ní òun ń bá fọ́tò jà. Ó rò pé ìbínú ni ọkọ òun bá lọ."

"Tẹ́ ẹ bá sọ apá kan, á bi yín ní apá kejì."

"Mo mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ mú òwú, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, kò tètè rí i. "Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró lórí ìdúró sọ ọ́ fún un. Ẹ jókòó."

Ó padà lọ. Alágbàfọ̀ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ó ti ń ṣàlàyé pé òun ti ná owó náà. Bàbá Yìnyín ní kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní kó pa áyọ́ọ̀nù, kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, àti pé òun pàdé ọkọ rẹ̀.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́?"

"Mo wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Òkú?"

"Kò tíì kú, ìyá. Ó rán mi sí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun máa pẹ́ díẹ̀."

Ìta ń pariwo, ẹnìkan ń ti ọmọlanke kọjá nísàlẹ̀. Nínú yàrá, ara àwọn ṣẹ́ẹ̀tì ò mì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Tó bá ti fẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn, á ní 'mo máa pẹ́ díẹ̀.' Oúnjẹ á tutù, màá tún un gbé kaná, á tún tutù." Ẹ̀rín náà wọlẹ̀. "Báwo ló ṣe pẹ́ tó níbẹ̀?"

Ìbéèrè tí ìyàwó Bàbá Yìnyín ti sọ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bàbá náà ti gbìyànjú lọ́nà láti wá irọ́ kékeré kan, kò rí èyí tó bá a lẹ́nu mu.

"Oòrùn ṣì wà lójú wíńdò nígbà tí mo débẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́, wọ́n ti tan iná."

"Dókítà wá?"

"Kò wá."

"Ṣé ara ń ro ó?"

"Ó ń ro ó."

Alágbàfọ̀ dìde, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí okùn, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ parọ́ fún mi."

"Bóyá wọ́n parọ́ fún òun náà. Bóyá ó fẹ́ kẹ́ yín ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ máa lọ. Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà máa lọ."

Bàbá Yìnyín sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣé ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti balẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n akunlé fi já wọ ọsibítù. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni, ohùn rẹ̀ sì tó ọkọ̀ náà. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá pàjáwìrì, ó ń bèèrè ẹni tó da aṣọ bo àbúrò òun láàyè. Àwọn aláìsàn gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ wọ ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló ti sọ pé òun ní ẹlẹ́rìí, ó sì sọ ẹni tí ẹlẹ́rìí náà í ṣe.

Ọ̀gá àgbà ọsibítù ránṣẹ́ sí Bàbá Yìnyín. Ọkùnrin tó lẹ́nu dídùn ni ọ̀gá yìí. Ó fún bàbá ní àga, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá fún un.

"Bàbá, iṣẹ́ yín ti fẹ́ parí níbí. Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú tó ń rí òkú lójoojúmọ́, ó lè ṣi èyí mú fún tọ̀hún. Àgbà a sì máa gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá ní kò dá yín lójú mọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Bàbá Yìnyín wo omi náà. Ó mọ̀ pé ọ̀nà ni ọkùnrin yìí là fún òun, ọ̀nà náà sì tẹ́jú. Ó ro ìyàwó rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Ó tún ro àwọn ìka tó bọ́ ọ̀dà kúrò lára wọn.

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ẹ tún ro ó wò."

"Mo ti ro ó. Èmi ni mo ká aṣọ yẹn. Ó ń wò mí."

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní yàrá ìpàdé. Nọ́ọ̀sì ní òun ò rántí. Ẹnì kan ní dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti lọ sí òkè òkun. Àwọn akunlé tó gbé e wá, ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Ó ku òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì kan ṣoṣo lórí ìdúró, wọ́n sì bi í ní ohun kan ju gbogbo ìyókù lọ: ta ló fún un láṣẹ láti máa bá opó sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀? Wọ́n ní ó tú àṣírí iṣẹ́. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì há sí àárín ọ́fíìsì méjì, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n akunlé pariwo díẹ̀ sí i, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ náà kú bí iná tí kò rí igi jó.

Lọ́jọ́ tó lọ kó ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì sìn ín dé géètì. Ọ̀kan fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó bá a gbé ẹ̀wù náà dípò bẹ́ẹ̀.

Ebi ló kọ́ ọ lẹ́rọ léètì. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ òun máa ń da máṣíìnì nù nítorí irin kékeré kan tí kò sí lọ́jà mọ́. Ó mú ọ̀kan wá, ó ní, "Ẹ wò ó bóyá ẹ lè fá irú ẹ̀." Bàbá náà ba irin púpọ̀ jẹ́, ó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ohun tó rà fún ìgbádùn di ohun tó ń fi jẹun, àwọn rélùwéè sì wà lórí pẹpẹ, eruku ń bò wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó rí òjìji lẹ́nu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ ni. Ó ti rù. Bàbá Yìnyín fẹ́ pa ẹ̀rọ, obìnrin náà fọwọ́ sọ fún un pé kó máa ṣe é lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga wá fún un, ó sì padà sídìí máṣíìnì tirẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan.

Obìnrin náà jókòó, ó ń wo bí irin ṣe ń bó lára irin, tó ń ká jáde bí irun.

"Ọsibítù ni mo ti bèèrè ilé yín, mo sì gbọ́ pé wọ́n lé yín," ó ní. "Mi ò wá dúpẹ́ o."

"Mi ò retí ẹ̀."

"Mo ń sùn tẹ́lẹ̀. Mi ò sùn mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo máa ń rí, bẹ́ẹ̀ mi ò débẹ̀ rí. Ọjọ́ míì, mo máa ń bú yín nídìí aṣọ tí mò ń fọ̀. Mo ní kí ló kàn yín."

"Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bú mi."

"Ìjà tí mo ń bá a jà ti tán ṣá." Ó nu imú rẹ̀. "Ohun kan ni mo wá bi yín. Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Rárá. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ti ọ̀tún. Ti òsì ti kán."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó tún jókòó díẹ̀ sí i, ariwo ẹ̀rọ náà gba gbogbo yàrá páànù. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó kí ìyàwó bàbá náà pé ó kú iṣẹ́, ó sì lọ. Wọn ò rí i mọ́. Wọ́n gbọ́ nígbà tó yá pé ó ti kó kúrò ládùúgbò yẹn.

Ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló ní?"

"Ó ní òun ò wá dúpẹ́."

"Òótọ́ ló sọ." Obìnrin náà gbé àga kúrò lọ́nà, ó tì í mọ́ ògiri.

Bàbá náà tẹ̀ ba lé ẹ̀rọ, ó sì ń fá irin rẹ̀ lọ, nítorí aránṣọ tó ni ín ti ní òun ń bọ̀ wá gbà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì.